Àwọn Tó Ru Àgbá ní Koko

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ̀ ń já ẹrù ní èbúté Kútọ́nù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí ní Àjàṣẹ́, ẹ̀yin awakọ̀ tó ń gba Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, ọ̀rọ̀ tòní ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ló kàn.

Koko jẹ́ èbúté kékeré ní ilẹ̀ Ìṣẹ̀kírì ní Nàìjíríà. (Ọmọ ìyá ni èdè wọn àti tiwa.) Láàárín ọdún 1987 sí 1988, ọkọ̀ ojú omi ń kó àgbá irin láti Ítálì wá síbẹ̀. Ìwé ẹrù ní nǹkan tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni. Oníṣòwò ará Ítálì kan gba àgbàlá lọ́wọ́ ọmọ ìlú náà, ó ń san nǹkan bí 100 dọ́là lóṣù. Ẹ gbọ́ o, 100 dọ́là! Ẹrù tó kó síbẹ̀ tó bí 4,000 tọ́ọ̀nù, ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni gbogbo rẹ̀. PCB wà níbẹ̀, ìyẹn òróró kan tí kì í jẹrà bọ̀rọ̀, tó ń ba ẹ̀dọ̀ àti awọ ara jẹ́.

Oòrùn ń pa àgbá. Àwọn kan wú, àwọn mìíràn ń jò. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ítálì ló ta ilé lólobó, nígbà tó sì máa fi di oṣù kẹfà ọdún 1988, ariwo ti ta. Ìjọba Nàìjíríà pe aṣojú rẹ̀ padà láti Ítálì, ó ní kí wọ́n wá kó ẹrù wọn. Ọkọ̀ Karin B àti Deepsea Carrier ló kó o. Karin B dé Yúróòpù, èbúté kan ò gbà á, ìkejì náà lé e.

Ṣùgbọ́n ta ló gbé àgbá wọ̀nyẹn wọ ọkọ̀? Àwọn òṣìṣẹ́ ni. Àwọn kan nínú wọn dèrò ilé ìwòsàn: kẹ́míkà bó wọn lára, èébì ń gbé wọn. Ẹni tó buwọ́ lùwé ò fọwọ́ kan àgbá kankan.

Ẹ má rò pé ti aládùúgbò nìkan ni. Lọ́dún 1988 yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ òkèèrè kan bá ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ìgbà náà ṣe àdéhùn láti kó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ wá sílẹ̀ wa, ní dọ́là méjì àbọ̀ fún tọ́ọ̀nù kan. Láyé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni àdéhùn Basel ọdún 1989 àti ti Bamako ọdún 1991 ti jáde. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ òfin kì í bá èèyàn ru ẹrù.

Nítorí náà, bí àgbá bá wú, tó ń jò, tàbí tó ní àmì agbárí òkú lára, ẹ má gbé e, ohun yòówù kí ìwé ẹrù sọ. Ẹ pe ọ̀gá. Ẹ má fẹnu fa kẹ́míkà jáde nínú rọ́bà láéláé. Tó bá ta sí yín lára, ẹ bọ́ aṣọ kíá, ẹ jẹ́ kí omi ṣàn sí ibẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà kẹ́ẹ lọ rí dókítà, kẹ́ẹ sọ orúkọ tó wà lára àgbá fún un. Kí aṣọ yẹn má wọlé bá ọmọ. Àgbá òfìfo náà ńkọ́? Ẹ má gbé e wálé fún ìyàwó láti fi pọn omi, bó ti wù kẹ́ẹ fọ̀ ọ́ tó.