Irun Dídì Gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn: Iṣẹ́ Ayàwòrán J. D. ’Okhai Ojeikere

Bí a bá ń wá ẹ̀rí ìtàn, oríkì, àrọ́bá àti ìwé àwọn ajíhìnrere ni a máa ń kọ́kọ́ tú wò. Ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ ọnà kan wà tí kì í pẹ́ láyé. Irun dídì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Onídìrí lè jókòó ti orí kan láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Kò ní pẹ́ kò ní jìnnà, wọn yóò tú u. Ẹni tí ó fi irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún wa ni J. D. ’Okhai Ojeikere.

Ọmọ Yorùbá kọ́ ni. Ovbiomu-Emai, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, ni a ti bí i ní ọdún 1930. Ní 1950 ni ó ra kámẹ́rà Brownie kan tí kò ní iná. Lẹ́yìn tí ó ti kọ lẹ́tà lọ́pọ̀ ìgbà, ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn gbà á ní 1954 láti máa ṣe ìrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò. Ní 1961 ó bọ́ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn tí a dá sílẹ̀ ní 1959. Láti 1963 títí di 1975, ó bá ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà, West Africa Publicity, ṣiṣẹ́ ní Èkó, kí ó tó dá Foto Ojeikere tirẹ̀ sílẹ̀.

Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni ìwọ̀nyí. Iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di ẹni àpọ́nlé, kò sí ẹni tí ó gbé e fún un. Ní 1967 ó wọ ẹgbẹ́ Nigerian Arts Council. Ní 1968 ó bẹ̀rẹ̀ sí ya irun àwọn obìnrin. Àwòrán dúdú àti funfun ni, ẹ̀yìn orí ni ó sì sábà máa ń yà, láìsí ohun mìíràn tí yóò gba ojú ẹni. Nípa bẹ́ẹ̀, ibi tí òwú ti wé irun àti ibi tí ìlà ti pàdé ìlà hàn kedere. Àwòrán irun tí ó yà tó bí 1,000.

Orúkọ irun tí ó kọ mọ́ àwòrán tún jẹ́ ẹ̀rí lọ́tọ̀. Ṣùkú wà níbẹ̀; onílé gogoro, tí ó tún pè ní àkàbà, wà níbẹ̀ ní 1975. Ta ni yóò gbọ́ onílé gogoro tí kò ní rántí àwọn ilé gíga ìgbà náà, irú Ilé Kòkó tí a ṣí ní Ìbàdàn ní 1965? Orí obìnrin pàápàá ń sọ ìtàn ìlú.

A fi àwọn àwòrán náà hàn ní Paris ní 2000 àti ní Venice ní 2013; Ojeikere papòdà ní 2014. Ó kù síbì kan ṣá: àkọlé àwòrán ń sọ orúkọ irun, kì í sọ orúkọ onídìrí. Ọwọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ náà kò hàn. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ìyá tí ó mọ irun wọ̀nyí dì ṣì wà láàrin wa. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀.