Ààfin Tí Kò Ní Ọba: Ìrìn Ẹsẹ̀ ní Luang Prabang

Orílẹ̀-èdè Laos kò ní etíkun. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ni ó yí i ká, odò Mekong ni ó sì jẹ́ òpópónà rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Etí odò yìí ni ìlú Luang Prabang wà, ní ìhà àríwá ilẹ̀ náà, níbi tí odò kékeré kan tí ń jẹ́ Nam Khan ti ń ṣàn wọ inú Mekong. Odò méjèèjì fi ilẹ̀ tóóró kan sí àárín, bí ahọ́n ti wà láàárín eyín. Orí ahọ́n ilẹ̀ yìí ni wọ́n tẹ ìlú dó sí. Òkè Phousi wà láàárín rẹ̀, ẹni tí ó bá sì gun òkè náà yóò rí odò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìlú àtijọ́ yìí kò tóbi rárá; ẹsẹ̀ lè là á já kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́jọ ni mo lò níbẹ̀, tèmi ti àpò kan ṣoṣo tí mo gbé kọ́ ẹ̀yìn, láàárín àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí mo tó bí lọ́mọ. Ọjọ́ méjì péré ni púpọ̀ nínú wọn ń lò kí wọ́n tó gbéra lọ sí ibòmíràn. N kò bá wọn wí, nítorí owó ọwọ́ wọn ni wọ́n ń ṣírò. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ohun kan wà nínú ìtàn ìlú náà tí kì í hàn sí ẹni tí ń kánjú, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín.

Ní 1353 ni Fa Ngum, ọmọ ọba kan tí a tọ́ dàgbà ní ààfin àwọn Khmer ní Angkor, fi ogun kó àwọn ìlú agbègbè yìí jọ sábẹ́ àkóso kan, tí ó sì pe ìjọba rẹ̀ ní Lan Xang. Àádọ́ta Ọ̀kẹ́ Erin ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ tí erin ń ṣe lójú ogun láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Éṣíà yóò mọ̀ pé oríkì ni èyí, kì í ṣe pé ẹnìkan ka erin náà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé láti ilẹ̀ Khmer ni a ti gbé ère Buddha kan wá fún Fa Ngum, èyí tí a ń pè ní Phra Bang. Ère náà ga tó nǹkan bí 83 sẹ̀ǹtímítà péré, ṣùgbọ́n òun ni ìlú ń jẹ́ orúkọ mọ́ títí di òní. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ará Siam, tí a mọ̀ sí Thailand báyìí, kó o lẹ́rú láti Vientiane, ní 1779 àti 1828. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n dá a padà, ní 1782 àti 1867. Mo lo ọ̀rọ̀ náà ‘kó lẹ́rú’ tìmọ̀tìmọ̀, nítorí bí ènìyàn ni àwọn ará ìlú ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ní nǹkan bí 1560 ni ọba Setthathirath kó olú-ìlú lọ sí Vientiane, nítorí ìbẹ̀rù àwọn ará Burma. Ó kọ́ tẹ́ńpìlì Wat Xieng Thong sí orí ahọ́n ilẹ̀ náà gan-an kí ó tó lọ, àjà rẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀ dẹ̀ǹgẹ̀rẹ̀ bí ìyẹ́ apá adìyẹ tí ó bo ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn tí Lan Xang pín ní 1707, Luang Prabang tún di ìjọba ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ọba tirẹ̀. Ní 1887, àwọn jagunjagun láti àríwá jó ìlú náà. Auguste Pavie, aṣojú ìjọba Faransé, ni ó gbé ọba àgbàlagbà Oun Kham sínú ọkọ̀ tí wọ́n sì bá odò sọ̀kalẹ̀ sá lọ. Àwọn Faransé kò jẹ́ kí oore yìí lọ lásán: ní 1893, wọ́n gba ilẹ̀ ìlà-oòrùn Mekong lọ́wọ́ Siam. Ọba ṣì wà lórí ìtẹ́, Faransé ni ó sì ń pàṣẹ. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa náà. Ní 1904 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ààfin tuntun fún ọba Sisavang Vong, wọ́n sì kọ́ ọ sítòsí Mekong kí àlejò tí ó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lè gba ibẹ̀ wọlé tààrà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìlú yìí ní láti jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni àwọn mọ́ńkì ń jáde láti inú àwọn tẹ́ńpìlì, láìwọ bàtà, nínú aṣọ aláwọ̀ ọsàn, tí wọ́n tò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyá àgbà ti kúnlẹ̀ lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ìrẹsì wọn, irú èyí tí ó ń lẹ̀ mọ́ra tí a sì lè fi ọwọ́ bù bí òkèlè. Wọ́n á fi ìwọ̀n tí ìka lè mú sínú abọ́ mọ́ńkì kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Mo rí àwọn ọmọdé aláìní tí wọ́n jókòó sí ìpẹ̀kun ìlà náà, tí àwọn mọ́ńkì sì ń bù fún wọn nínú ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn 1975, ìjọba tuntun gbìyànjú láti fi òfin dí ọrẹ yìí lọ́wọ́, kí àwọn mọ́ńkì lè máa fi ọwọ́ ara wọn dá oko. Àwọn ará ìlú kò gbà. Ohun tí òfin kò lè ṣe yìí, ó dà bí ẹni pé kámẹ́rà yóò ṣe é, nítorí àwọn àlejò kan ń sún mọ́ àwọn mọ́ńkì débi pé wọn kò rí ọ̀nà gbà.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó wọ ilé kan tí ó wà nínú ọgbà Wat Xieng Thong. Inú rẹ̀ ni wọ́n gbé ọkọ̀ ìsìnkú ọba sí: igi gbígbẹ́ tí a fi wúrà bò, tí ó ga tó mítà 12, tí orí àwọn naga, ejò ńlá inú ìtàn wọn, sì yọ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu yíyà. Òun ni a fi gbé Sisavang Vong lọ síbi tí a ti sun òkú rẹ̀. Ní 1904 ni ọba yìí gorí ìtẹ́, ó sì wàjà ní 1959, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Títí di 1961 ni wọ́n fi ń pèsè ìsìnkú rẹ̀. Mo dúró pẹ́ níwájú ọkọ̀ náà, mo sì bi ara mi pé níbo ni ti ọmọ rẹ̀ wà.

Ọmọ náà ni Savang Vatthana. Ó gba ipò bàbá rẹ̀ ní 1959, ṣùgbọ́n ogun kò jẹ́ kí wọ́n rí àyè ṣe ìwúyè rẹ̀. Láàárín 1964 sí 1973, bọ́ǹbù tí Amẹ́ríkà jù sórí Laos ju mílíọ̀nù méjì tọ́ọ̀nù lọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá 1975, àwọn Kọ́múníìsì tí ó ṣẹ́gun fi òpin sí ìjọba ọba. Wọ́n fi Savang Vatthana ṣe olùdámọ̀ràn fún ààrẹ, ó sì ń gbé ní Luang Prabang bí ẹni tí kì í ṣe ọba mọ́. Ní oṣù Kẹta 1977, wọ́n mú òun, olorì Khamphoui àti àrẹ̀mọ wọn, Vong Savang, lọ sí àgọ́ ìtúnniwò kan ní ìhà ààlà Vietnam. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó padà bọ̀. Ní 1989 ni Kaysone Phomvihane, olórí ìjọba, tó sọ fún àwọn oníròyìn ní Paris pé ọba ti kú. Kò sí ọkọ̀ oníwúrà fún un, a kò sì fi ibojì rẹ̀ han ẹnikẹ́ni.

Nínú èdè wa, ọba kì í kú: ó wọ àjà ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń tọ́jú ààfin ní láti mọ àjà tí ó wọ̀.

Ààfin ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí. Mo bọ́ bàtà, mo fi àpò ẹ̀yìn mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì wọlé. Dígí wẹ́wẹ́ aláràbarà bo ògiri yàrá ìtẹ́. Wọ́n to ẹ̀bùn tí oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè fún ọba sí apá méjì, àwọn orílẹ̀-èdè alájọní lọ́tọ̀, àwọn orílẹ̀-èdè oníṣòwò-àdáni lọ́tọ̀, bí ẹni pé ọba fúnra rẹ̀ ni ó tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ibùsùn ọba ṣì wà. Nínú yàrá kan ni àwòrán ọba, olorì àti àrẹ̀mọ wà, gẹ́gẹ́ bí Ilya Glazunov, ayàwòrán ará Rọ́ṣíà, ṣe yà wọ́n ní 1967. Èdè Lao jẹ́ èdè olóhùn bíi ti Yorùbá, n kò sì gbọ́ ju ìkíni lọ nínú rẹ̀. Nítorí náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi bi ọkùnrin tí ń ṣọ́ yàrá náà pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn mẹ́ta yìí. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní wọ́n lọ sí àríwá. Lẹ́yìn náà ó tọ́ka sí fèrèsé, ó sì ṣàlàyé fún mi bí odò ṣe máa ń kún ní ìgbà òjò.

Ní 1995 ni UNESCO kọ orúkọ ìlú yìí mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé. Òfin ló kù tí ń pàṣẹ irú páànù àti ọ̀dà tí ènìyàn lè lò lára ilé rẹ̀. Mo yin iṣẹ́ náà, nítorí láìsí i, ilé alájà mẹ́wàá ì bá ti bo òkè Phousi mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣàì kíyè sí i pé ògiri ni wọ́n ń tọ́jú. Ojú irin láti Ṣáínà dé ibẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2021, ìrìn-àjò ọjọ́ kan láti Vientiane sì di nǹkan bíi wákàtí méjì. Èrò púpọ̀ yóò máa wá, wọn yóò sì máa tètè lọ.

Ní ọjọ́ tí ó kángun sí ti ìkẹyìn, mo gba afárá ọparun kọjá sí òdìkejì Nam Khan. Ọdọọdún ni odò tí ó kún máa ń gbé afárá yìí lọ, tí wọ́n sì ń tún un ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo wá ọkọ̀ lọ sí apá òkè odò, níbi tí ibojì Henri Mouhot wà nínú igbó. Ará Faransé ni, olùṣàwárí tí ibà pa níbẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1861. Àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ mọ ibojì fún un ní 1867, igbó bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì tún ṣàwárí rẹ̀ ní 1990. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kùn ún, orúkọ rẹ̀ hàn ketekete lára rẹ̀, pátákó sì wà lójú ọ̀nà tí ń júwe ibẹ̀ fún àlejò.