Ẹsẹ̀ Wa ní Salvador

Arìnrìn-àjò tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Salvador, ní Brazil, kò nílò mọ́tò. Bó bá rìn díẹ̀, yóò dé Elevador Lacerda, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣí ní ọdún 1873, tó ń gbé èèyàn láti ìsàlẹ̀ ìlú lọ sókè. Lókè ni Pelourinho wà. Ilé aláràbarà kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ nà ni orúkọ náà túmọ̀ sí.

Etí omi yìí náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá gúnlẹ̀ sí nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Wọn kò káwọ́ gbera. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Malê, tí Yorùbá pọ̀ jù nínú wọn, gbé ìjà dìde ní àwọn òpópónà orí òkè yìí. Apá ìjọba ká wọn. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ padà sí Áfíríkà. Ọdún 1888 ni òfin tó fòpin sí oko ẹrú tó dé Brazil.

Láti Brazil ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ gbé Pópó Àgùdà ní Èkó ti dé. Bí mo bá ń gba ibẹ̀ kọjá, mo máa ń rántí pé ohun tí àlejò ń pè ní ìgbafẹ́ ní Salvador, ọ̀nà ìpadàbọ̀ ni fún àwọn wọ̀nyí.