Òrí, Ìpara Ojú tí ó Ti Wà kí Mungo Park Tó Dé

Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, tí ètè ń là, tí ojú ọmọdé funfun bí ẹni pé a fi eérú pa á, ìyá àgbà kì í ronú púpọ̀ kí ó tó na ọwọ́ sí igbá òrí. Yóò bù ú bíńtín, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rà á títí yóò fi yọ́, yóò sì fi í pa ojú ọmọ náà. Iṣẹ́ kékeré ni lójú ẹni tí ń wò ó, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ láyé ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọba tí a ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn wọn.

Lẹ́nu iṣẹ́ àbẹ̀wò mi, mo ti rí i lára pátákó ìkọ̀wé pé Mungo Park ni ó rí igi òrí ní àkọ́kọ́. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Park, ará Skọ́tíláǹdì, gba agbègbè Ségù kọjá ní ilẹ̀ Bambara ní oṣù keje ọdún 1796, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1799. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ ni pé òun bá àwọn ènìyàn níbi gbogbo tí wọ́n ń ṣa èso náà. Pé òrí náà funfun, ó sì le ju bọ́tà màlúù lọ. Pé ó tún dùn jù ú lẹ́nu òun. Àti pé ó wà lára ọjà pàtàkì tí wọ́n ń tà fún ara wọn. Kí a má purọ́ mọ́ ọkùnrin náà: ẹni tí ó bá ọjà lórí àtẹ kò sọ pé òun ni ó dá ọjà sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ewéko ní Yúróòpù ni ó fi orúkọ rẹ̀ pe igi náà ní Butyrospermum parkii. Ó pẹ́ kí wọ́n tó padà sí Vitellaria paradoxa, orúkọ tí Gaertner ti fún un láti 1807.

Ní 1352, ìyẹn ọdún 444 ṣáájú Park, Ibn Battuta ará Mòrókò ń rìn láti Walata lọ sí olú ìlú Mali. Ó kọ ọ́ pé èso kan wà lọ́nà tí a ń pè ní gharti, pé wọ́n ń fọ́ kóró rẹ̀ láti fa òróró inú rẹ̀ yọ. Òróró yìí ni wọ́n fi ń se oúnjẹ, tí wọ́n fi ń tan fìtílà, tí wọ́n fi ń para, tí wọ́n sì ń pò mọ́ erùpẹ̀ láti fi rẹ́ ilé. Ẹ fi etí sí orúkọ náà. Kaarite ni àwọn Wolof ń pè é títí di òní, láti ibẹ̀ ni àwọn Faransé ti rí karité tiwọn. Shea tí Gẹ̀ẹ́sì ń wí, láti ẹnu àwọn Bambara ni Park ti gbọ́ ọ. Àwọn Hausa ń pè é ní kadanya. Ní Kúbà, àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ kò bá igi òrí níbẹ̀. Wọ́n mú orúkọ rẹ̀ fún ọ̀rá kòkó, òrí ni àwọn olórìṣà ibẹ̀ sì ń pe ọ̀rá yìí nígbà tí wọ́n bá ń lò ó fún Ọbàtálá.

Ilẹ̀ pàápàá ti jẹ́rìí. Ní Kirikongo, ní ìwọ̀ oòrùn Burkina Faso, àwọn awalẹ̀pìtàn hú èèpo kóró òrí tí iná ti jó jáde nínú ìpele ilẹ̀ kan lórí èkejì, èyí tí ó lọ́jọ́ lórí jù sì tó nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Jésù. Wọ́n tẹ àbọ̀ iṣẹ́ náà jáde ní 2016. Èèpo lásán ni, ìdọ̀tí ìdí ààrò àwọn obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Mo sọ pé obìnrin, nítorí iṣẹ́ wọn ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà òjò ni èso náà ń pọ́n tí ó sì ń já bọ́. Wọn a ṣà á, wọn a jẹ ara rẹ̀, wọn a bọ kóró, wọn a sá a. Bí ó bá gbẹ, wọn a pa á, wọn a yan ọmọ inú rẹ̀, wọn a sì lọ̀ ọ́ títí yóò fi kúnná, tí yóò dúdú bí ẹrẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wàhálà tó kù: omi díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ nínú agbada, pípò láìdúró, títí àwọ̀ dúdú yóò fi ṣí, tí ọ̀rá funfun yóò léfòó. Ẹni tí ó bá da omi gbígbóná sí i nígbà tí ó yẹ kí ó da tútù ti fi iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ṣòfò. Wọn a tún sè é kí omi inú rẹ̀ gbẹ, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a jẹ́ kí ó dì. Kò sí ìwọ̀n kankan lọ́wọ́ wọn; ojú, imú àti ìka ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò sì tako wọn. Òrí kì í fún awọ ara ní omi. Ó ń bò ó ni, kí èyí tí ó wà nínú rẹ̀ má baà gbẹ dànù. Nítorí pé ooru ara fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti yọ́ ọ, kì í dúró gbágbá lójú. Apá kan sì wà nínú rẹ̀ tí kì í di ọṣẹ, ó pọ̀ nínú òrí ju bí ó ti wà nínú ọ̀pọ̀ epo igi mìíràn lọ. Ẹni tí ó bá ń wá ohun tí yóò bó òun kí òun di pupa, kí ó má wá a sínú òrí. Kò sí níbẹ̀.

Ní 1872 ni Robert Chesebrough gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí Vaseline, tí a rí láti inú epo ilẹ̀. Òun náà ń bo awọ ara bẹ́ẹ̀, kò sì ní òórùn. Nígbà tí ó dé ọjà wa nínú ìgò àti agolo, òrí di ohun ìtìjú lójú àwọn ará ìlú ńlá, wọ́n ní ó ń rùn bí ará oko. Àwọn ará Yúróòpù kò tijú rẹ̀ ní tiwọn. Wọ́n ń ra kóró náà fún ṣokoléètì, òfin tí wọ́n ṣe ní 2000 sì gbà kí òrí wà lára àwọn ọ̀rá tí a lè fi kún un, tí àpapọ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ ju 5 nínú 100 lọ. Ìyókù ń lọ sínú ìpara, ó sì ń padà wá bá wa nínú ìgò kékeré pẹ̀lú owó ńlá. Ní oṣù kẹjọ 2025 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi òfin de gbígbé kóró tútù jáde fún oṣù mẹ́fà, kí a lè máa ṣe òrí náà nílé.

Ṣùgbọ́n kóró kò lè wá láìsí igi. A kì í sábà gbin igi òrí. Àgbẹ̀ tí ń ṣán oko ni ó ń dá a sí. Èyí tí ó bá hù fúnra rẹ̀ lè lo ọdún 15 sí 20 kí ó tó so. Nínú àwọn tí a ń gé fún èédú báyìí, ọ̀pọ̀ wà tí ó jẹ́ pé bàbá bàbá ẹni tí ó gbé àáké ni ó dá a sí.