Ọwọ́ Àwọn Wo Ló Wà Lára Igbó Ọ̀ṣun? Àdùnní Olórìṣà àti Àwọn Oníṣẹ́ Ọwọ́ Òṣogbo

Odò tó gba inú Igbó Ọ̀ṣun kọjá ní Òṣogbo náà ló ń ṣàn wá sí Asejire, lẹ́bàá Ìkirè. Ọ̀rọ̀ Igbó náà kan ará Ìkirè àti Apòmù bó ṣe kan ará Òṣogbo. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí a sọ ẹni tó mọ àwọn ère ibẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ló máa ń yọ sí wa lẹ́nu: Susanne Wenger, tí a tún mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà. Àwọn kan ń yìn ín pé òun nìkan ló gba Igbó náà là. Àwọn kan ń bú u pé àjèjì tó fi èrò ara rẹ̀ da ìṣẹ̀ṣe rú ni. Èmi gbà pé ti ẹni tó ń yìn ín àti ti ẹni tó ń bú u, àṣìṣe kan náà ni: wọ́n gbàgbé àwọn tó bá a ṣiṣẹ́.

Ìlú Graz ní Austria ni wọ́n ti bí i ní 1915. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ àti ní Vienna. Ní 1950, òun àti Ulli Beier ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ tí ọkọ rí ní Yunifásítì. Ikọ́ ife dá a gúnlẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, Ajagẹmọ, olórí àwọn olùsìn Ọbàtálá ní Ẹdẹ, mú un wọnú ìsìn òrìṣà. Ibẹ̀ ni ayàwòrán náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í di Àdùnní.

Ní Òṣogbo, ikán ti jẹ ojúbọ Ọ̀ṣun nígbà tí àwọn olùsìn Ọ̀ṣun ní kí Àdùnní wá bá àwọn tún un ṣe. Àwọn bíríkìlà ló kó dání. Adébísí Àkànjí, tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára púpọ̀ nínú àwọn ère Igbó náà, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti po sìmẹ́ńtì rí mọ̀ pé kì í dúró de ẹnikẹ́ni: kí ó tó gan, ọwọ́ ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kò lè máa pa irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ láṣẹ. Bí ère òrìṣà Ìyá Mọọ̀pó ṣe na apá gbàgbà nínú Igbó, èrò Àdùnní wà níbẹ̀, ọgbọ́n ọwọ́ bíríkìlà náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ pé Àdùnní kò fi èrò rẹ̀ tẹ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mọ́lẹ̀ ni Àṣírù Ọlátúndé. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, wọ́n bí i ní 1918. Àìlera kò jẹ́ kí ó lè máa lu irin mọ́, ló bá ń fi bàbà ṣe ohun ọ̀ṣọ́ kéékèèké. Àdùnní àti Beier rí i, wọ́n kì í láyà. Nígbà tó yá, páànù alúmíníọ̀mù ló ń lù: igi ńlá kan láàárín, ẹyẹ lórí ẹ̀ka, ọdẹ, ẹran, ìtàn Bíbélì pàápàá, gbogbo rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ. Àwòrán Àdùnní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tirẹ̀ máa ń lọ́ mọ́ra, ó máa ń ru sókè bí iná. Bí ó bá jẹ́ pé ó fi èrò rẹ̀ tẹ àwọn èèyàn yìí mọ́lẹ̀ ni, níbo ni àpá rẹ̀ wà lára iṣẹ́ Àṣírù?

Òótọ́ ni pé àwọn ère náà kò jọ ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ gé igi àti àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ ti ń wọnú Igbó nígbà náà, ère àti ògiri náà ló sì sàmì sí ààlà. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965. Ní 2005, UNESCO fi Igbó náà, tó tó hẹ́kítà 75, sára ogún àgbáyé.

Àdùnní kú ní Oṣù Kìíní 2009. Òjò àti oòrùn kò ṣíwọ́, sìmẹ́ńtì ń sán. Nígbà tí àtúnṣe dé, Àkànjí tó ti darúgbó ló tún padà sídìí àwọn ère náà.