Ìtàn Lẹ́ńsì Àtọwọ́dá Inú Ojú àti Ìṣòro Ìríran Òkèèrè òun Ìtòsí

Ìfáàrà

Olùkọ́ tí ó bá ti lé ní ogójì ọdún yóò mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Ó ń rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì kedere, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ ka orúkọ inú ìwé ìpè, àfi kí ó na ìwé náà síwájú kí lẹ́tà inú rẹ̀ tó hàn. Èyí kì í ṣe àìsàn. Lẹ́ńsì kan wà nínú ẹyinjú, lẹ́yìn ọmọlójú, tí iṣan yí ká. Bí a bá ń wo ohun tí ó wà nítòsí, iṣan yìí á sún kì, lẹ́ńsì á sì nípọn sí i; bí a bá gbójú sókè wo òkèèrè, iṣan á dẹ̀, lẹ́ńsì á sì tún fẹ́lẹ́. Bí ọjọ́ orí ti ń gòkè ni lẹ́ńsì yìí ń le, tí kò sì lè yí ara rẹ̀ padà bíi ti àtẹ̀yìnwá. Nígbà tí ó bá tún yá, ó lè ṣú, kí ó funfun bí omi ògì, tí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní ráyè kọjá mọ́. Èyí ni àwọn oníṣègùn ojú ń pè ní kátárákìtì.

Ohun tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀wò ni bí a ṣe wá lẹ́ńsì àtọwọ́dá tí yóò rọ́pò èyí tí ó ṣú. Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé àṣeyọrí kan kàn ń gorí òmíràn ni. Èrò tiwa yàtọ̀. A ó rí i pé láti 1949 títí di òní, kò tíì sí lẹ́ńsì àtọwọ́dá tí ó fi ìríran kún ìríran láìgba nǹkan kan padà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń lò ó.

Ìbéèrè Akẹ́kọ̀ọ́ Kan

Kí ó tó di 1949, bí a bá yọ lẹ́ńsì tí ó ṣú, a kì í fi ohunkóhun dípò rẹ̀. Awò ojú tí ó nípọn bí ìdí ìgò ni aláìsàn yóò máa lò títí ọjọ́ ayé rẹ̀, gbogbo ohun tí ó bá sì ń wò yóò tóbi ju bí ó ti yẹ lọ. Harold Ridley, oníṣẹ́ abẹ ojú ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó yí èyí padà. A bí i ní 1906. Kò ṣàjèjì sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rárá, nítorí ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast (Gánà òde òní) nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, níbi tí ó ti ṣèwádìí lórí àrùn ìfọ́jú etí odò. Ó tẹ àbájáde ìwádìí náà jáde ní 1945.

Ogun yẹn kan náà ni ó fi ohun èlò hàn án. Ní oṣù Kẹjọ 1940, ọta fọ́ ìbòrí ọkọ̀ òfurufú tí Gordon Cleaver ń wà. Ike Perspex ni a fi ṣe ìbòrí náà, èérún rẹ̀ sì wọ Cleaver lójú méjèèjì. Ridley, tí ó wà lára àwọn tí ó tọ́jú rẹ̀, ṣàkíyèsí pé èérún ike wọ̀nyí jókòó sínú ojú láìmú kí ó wú tàbí kí ó kẹ̀.

Síbẹ̀, àkíyèsí nìkan kò tó. Ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan tí ó ń wo Ridley bí ó ti ń yọ lẹ́ńsì tí ó ṣú, sọ pé ó mà ṣe o, tí kò fi òmíràn sí ipò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ì bá kà sí ti òpè ni, ṣùgbọ́n Ridley kò gbójú fò ó. Òun àti John Pike, onímọ̀ ìmọ́lẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Rayner, jọ gbèrò bí lẹ́ńsì náà yóò ṣe rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá 1949, wọ́n fi í sójú obìnrin ẹni ọdún 45 kan. Ọjọ́ 8 oṣù Kejì 1950 ni wọ́n tó fi í síbẹ̀ pátápátá.

Lẹ́ńsì náà mọ́ gaara, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Bí lẹ́ńsì àbímọ́ni ṣe rí ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe, bẹ́ẹ̀ Perspex a máa tẹ ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ ju lẹ́ńsì àbímọ́ni lọ. Nítorí náà, ìtòsí nìkan ni obìnrin náà ń rí dáadáa. Òkèèrè ṣú mọ́ ọn lójú. Níbí gan-an ni ìṣòro tí a ń sọ ti bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àtakò àwọn àgbà iṣẹ́ náà, pàápàá Stewart Duke-Elder, ni àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń tẹnu mọ́. Ọdún 1981 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀. Ridley fúnra rẹ̀ gba lẹ́ńsì àtọwọ́dá sójú méjèèjì nígbà ogbó rẹ̀. Wọ́n fi oyè Sir dá a lọ́lá ní 2000, ó sì kú ní 2001.

Àṣìṣe agbára lẹ́ńsì kò ṣòro púpọ̀ láti tún ṣe. Fyodorov ní Rọ́ṣíà gbé ìlànà ìṣirò kan jáde ní 1967. Sanders, Retzlaff àti Kraff gbé tiwọn jáde ní 1980. Wọ́n ń wọn gígùn ẹyinjú àti bí iwájú rẹ̀ ṣe tẹ̀, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ mọ lẹ́ńsì tí ó yẹ.

Pínpín Ìmọ́lẹ̀

Lẹ́ńsì tí a ṣírò dáadáa yìí, ìwọ̀n jíjìn kan ṣoṣo ni ó wà fún, nítorí ike kò lè nípọn kí ó tún fẹ́lẹ́. Ẹni tí ó bá yan òkèèrè yóò máa fi awò ojú kàwé. Àwọn oníṣègùn kan a máa fún ojú kan ní ti òkèèrè, kí wọ́n fún èkejì ní ti ìtòsí. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ojú méjèèjì kò ní lè jùmọ̀ wọn jíjìn nǹkan bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni kò jẹ́ kí a ṣe bíi ti Benjamin Franklin, ẹni tí ó ti kọ̀wé ní 1784 nípa awò ojú rẹ̀ tí òkè rẹ̀ wà fún òkèèrè, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wà fún ìtòsí. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé awò ojú kì í bá ojú yí. Bí a bá wo ìsàlẹ̀, apá ìsàlẹ̀ awò ni a ń lò. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ṣe yí ni lẹ́ńsì inú rẹ̀ ń yí. Bí a bá pín in sí méjì, àwòrán òkèèrè àti ti ìtòsí yóò jọ bọ́ sí ẹ̀yìn ojú lẹ́ẹ̀kan náà ni, ọpọlọ ni yóò sì máa yan èyí tí ó fẹ́.

Báyìí gan-an ni wọ́n ṣe é. John Pearce fi lẹ́ńsì onípele méjì sójú aláìsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1986. Ti Array ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí, ní 1997. Àwọn mìíràn fín òrùka tín-ínrín tín-ínrín sára lẹ́ńsì bí àtẹ̀gùn, tí ó ń ya ìtànṣán sọ́nà méjì. Nínú èyí tí ó pín in dọ́gba, nǹkan bíi 41% ìmọ́lẹ̀ ń lọ sí òkèèrè, nǹkan bíi 41% sí ìtòsí, ìyókù, nǹkan bíi 18%, ń ṣòfò. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ń wakọ̀ lóru fi lè máa rí òrùka ìmọ́lẹ̀ yí iná ọkọ̀ ká, tí àwọ̀ eérú lára ògiri eléérú kò sì fi ní hàn sí i kedere.

Lẹ́ńsì ReSTOR, tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2005, gbìyànjú ọgbọ́n kan tí ó wú wa lórí. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i láti àárín lọ sí etí. Lóru, tí ọmọlójú bá fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ á lọ sí òkèèrè. Lọ́sàn-án, tí ó bá sún kì, ìtòsí á rí ìpín tirẹ̀ gbà. Nígbà tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì gbilẹ̀, àárín náà béèrè ìpín tirẹ̀: FineVision onípele mẹ́ta jáde ní Yúróòpù ní 2010, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí PanOptix ní 2019. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni wọ́n sì wá ń pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ti Symfony, 2016, fa ojú ibi kan gùn dípò kí ó pín in; ó dín òrùka iná kù díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà wẹ́wẹ́ ṣì ń béèrè awò ojú. Crystalens ti 2003, ní tirẹ̀, fẹ́ ṣe bíi ti lẹ́ńsì àbímọ́ni, kí iṣan ojú máa mì ín. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó lè ṣe.

Ọ̀rọ̀ Ilé

Ìwádìí orílẹ̀-èdè lórí ìfọ́jú tí a ṣe ní Nàìjíríà láti 2005 sí 2007 fi hàn pé kátárákìtì ni olórí ohun tí ó ń fọ́ ojú àgbàlagbà. Ó tún fi hàn pé nínú àwọn ojú tí a ti tọ́jú kátárákìtì wọn, ó lé ní 40% tí ó jẹ́ pé àwọn oníṣẹ́ ìbílẹ̀ ni ó fi abẹ́rẹ́ ti lẹ́ńsì tí ó ṣú wọ inú ẹyinjú lọ. Kò sí lẹ́ńsì kankan tí wọ́n fi dípò rẹ̀. Ipò tí àwọn aláìsàn Lọ́ńdọ̀nù wà ṣáájú 1949 gan-an ni wọ́n wà, àfi pé púpọ̀ nínú wọn kò rí awò ojú tí ó nípọn yẹn rà.

Nítorí náà, ní tiwa, iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí kì í ṣe lẹ́ńsì onípele mẹ́ta, bí kò ṣe ti ilé iṣẹ́ Aurolab ní Madurai, ní Íńdíà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1992 láti máa ṣe lẹ́ńsì onípele kan ní owó pọ́ọ́kú. Olùkọ́ tí ó bá gba irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ yóò rí ẹ̀yìn kíláàsì. Bí àkókò ìpè bá tó, yóò mú awò ìkàwé rẹ̀ jáde nínú àpò.