Bí Intel Ṣe Pa Ọjà Tó Sọ Ọ́ Di Olówó Tì

Kò sí ilé wa kan báyìí tí kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, orúkọ Intel sì wà lára púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí a kì í sábà sọ fún àwọn ọmọ ni pé ilé-iṣẹ́ yìí wọ gàù gidi ní 1985, àti pé àlejò bíi tiwa wà lára àwọn tó yọ ọ́.

Robert Noyce àti Gordon Moore ló dá Intel sílẹ̀ ní California ní 1968. Ṣíìpù ìrántí, èyí tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, ni wọ́n fi lówó. Àmọ́ lẹ́yìn 1980, àwọn ará Japan wọ ọjà náà. Tiwọn dára, ó pọ̀, owó rẹ̀ sì ń já wálẹ̀. Bí Intel ṣe ń tà ló ń pàdánù.

Andrew Grove ni igbá-kejì Moore. Budapest ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó sá kúrò ní Hungary ní 1956, tó sì dé Amẹ́ríkà lọ́dún tó tẹ̀ lé e láìní nǹkan kan lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ti ń rí.

Láàrin ọdún 1985, ó bi Moore pé: bí wọ́n bá lé àwa méjèèjì lọ, kí ni ọ̀gá tuntun máa ṣe? Moore ní yóò pa ṣíìpù ìrántí tì ni. Grove ní kí ló dé tí àwa fúnra wa kò ṣe é?

Ó rọrùn láti sọ. Iṣẹ́ ìrántí yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ka ara wọn sí, bí ìdílé onílù tí wọ́n ní kó gbé ìlù sílẹ̀. Àwọn oníbàárà tí wọ́n sọ fún kò tilẹ̀ yà lẹ́nu; àwọn kan ní ó ti pẹ́ jù. Wọ́n wá dojú kọ ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, irú èyí tí IBM ti ń rà lọ́wọ́ wọn láti 1981. Èyí tí wọ́n pè ní 386 jáde ní 1985, wọn kò sì gbà kí ilé-iṣẹ́ mìíràn bá wọn ṣe é.

Àdánù 1986 lé ní 170 mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n ti àwọn ilé-iṣẹ́ kan pa, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ní 1987, Grove di ọ̀gá àgbà. Nígbà tó fi máa di 1992, kò sí ilé-iṣẹ́ ṣíìpù tó ń tà tó Intel láyé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n dá dúró kò sí níbẹ̀ mọ́ láti jẹ nínú rẹ̀.